Ẹsẹ̀ Tuntun fún Orogún Mi

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

A ti dé láti ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Àṣá, ìyàwó mi, wà ní pálọ̀, ó ń kọrin, bí ẹni pé ìròyìn ayọ̀ la gbà bọ̀. Èmi ni mo sá wá sí yàrá ìdáná pẹ̀lú ìwé yìí.

Iṣan ojú rẹ̀, tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ, ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Ti ojú òsì le ju ti ọ̀tún lọ. Èyí tó ti lọ kò ní í padà. Oògùn kíkán yóò fà á sẹ́yìn, kò ní í dá a dúró. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní ó ṣì lè wakọ̀ ní ojú ọ̀sán – mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ṣùgbọ́n kí a padà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé ọjọ́ náà ni òun yóò ní kó fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Èmi ń wo ẹnu dókítà. Àṣá ń wo fèrèsé.

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, ó ní òun fẹ́ wa Orogún lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Òkè kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, orí òkè ló ń gbé, ọ̀nà ibẹ̀ sì lọ́ bí ìfun. Mo ní ṣé kí n kúkú fi ọkọ̀ tèmi gbé e lọ. Ó ní ọkọ̀ tèmi, ìgbín máa ń yà á sílẹ̀.

Orogún. Ọdún tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ra ọkọ̀ asáré yẹn. Pupa, ìjókòó méjì, òrùlé tó ń ṣí. Ó ní gbogbo ayé òun lòun fi dúró de ọmọ tí kò fẹ́ tètè jáde, òun náà fẹ́ tètè dé ibì kan. Láti ọjọ́ náà ló ti ní méjì: ọkọ àti ọkọ̀. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti orogún mi.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Orogún ti gbó. Ó ti pẹ́ nínú gáràjì láti ìgbà tí ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ Àṣá lẹ́nu, kò sì ṣeé gbé gun òkè bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ máa bá mi yan táyà. Ẹ ṣáà máa ń ronú ni. Ẹ jẹ́ kí ìrònú yín ríṣẹ́ ṣe.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Mo wọ gáràjì lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi sọ tẹnu rẹ̀.

Téèyàn bá wò ó lókèèrè, táyà yẹn kò tíì jẹ. Ojú rẹ̀ ṣì jìn. Ẹ̀gbẹ́ ni ìjọ̀ngbọ̀n wà – ó ti sán bí gìgísẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Mo fi èékánná fà á, roba bù sí mi lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun.

Lẹ́yìn náà mo rí ohun tó burú jù. Táyà ẹ̀yìn gbòòrò ju ti iwájú lọ. Mo wọ̀n ọ́n pẹ̀lú okùn, mo tún un wọ̀n. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ìyàwó mi jẹ látọjọ́ tó ti rà á, ó sì ti ń wa ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba kiri ìlú. Mo pe Ìyá Ìbejì, ọmọ wa obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ibi tó jìnnà síbí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé fóònù sílẹ̀ lọ mumi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é ni. Ẹ̀yìn ni agbára ẹ́ńjìnnì ń lọ, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi tóbi.

Nọ́ńbà mẹ́rin tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mo ti kọ sílẹ̀ pé nọ́ńbà fóònù tí apá kan rẹ̀ parẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà náà ni. Ẹ̀gbọ́n Ìbejì ni táyà wọ̀nyí, pátápátá. Ìyá Ìbejì ní, “Bàbá, roba máa ń gbó bí kò tiẹ̀ rìn.” Mo ní mo mọ̀. Èmi náà jókòó sójú kan, mo gbó.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Mo ń rò ó bí omi ṣe ń ṣàn lórí ọ̀nà òkè yẹn. Mi ò jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù oní-táyà, lẹ́yìn ilé epo. Táyà tò dé àjà, òórùn roba tuntun gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọ̀gá ibẹ̀ sanra, ó lẹ́nu bí aago, bó bá ti ń kọjá ló ń fọwọ́ gbá táyà kọ̀ọ̀kan pẹ́pẹ́, bí ẹni ń kí ọmọ.

Ó béèrè ọkọ̀ tó jẹ́. Mo sọ ọ́. Ó wo irun orí mi. Ó béèrè ẹni tó ń wà á. Mo ní ìyàwó mi ni. Ó ní, “Ìyàwó kékeré ni, Bàbá?” Mo ní ọ̀kan tí mo ní náà ni, irun tiẹ̀ funfun ju tèmi lọ. Ó yọ fìlà.

Ó ṣàlàyé títí orí mi fi ń yí. Ọ̀kan wà fún pápá ìdíje: bí oòrùn bá ràn, á di ilẹ̀ mú bí àtè, ṣùgbọ́n òun àti omi kì í ṣọ̀rẹ́. Ọ̀kan wà tó ń rìn nínú òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀kan wà tí kì í tètè jẹ. Lẹ́tà kan sì wà lára gbogbo wọn tó ń sọ bí eré tí ó lè sá ti pọ̀ tó. Nígbà tí mo gbọ́ ti lẹ́tà yìí, inú mi dùn. Mo ní kó fún mi ní èyí tí lẹ́tà rẹ̀ kéré jù, kó má baà lè sáré.

Ó fi ọwọ́ mú tábìlì. “Bàbá, táyà kọ́ ló ń sáré. Ẹsẹ̀ Màmá ni.” Kò sì ní ta táyà tí lẹ́tà rẹ̀ bá rẹlẹ̀ sí èyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fọwọ́ sí.

Ojú tì mí díẹ̀. Mo wá sọ ohun tí mo fẹ́ gan-an, ní gbólóhùn kan tí kò ṣeé ṣì gbọ́. Mo ní èyí tó bá wù kó jẹ́, èyí tó le ni kó fún mi. Ó ní, “Èyí tó le dáadáa?” Mo ní kó le gan-an ni. Ó ní ó ti yé òun, kí n padà wá ní Ìṣẹ́gun.

Mo jẹ àmàlà lálẹ́ yìí, mo sì yó. Láti Ọjọ́ Ajé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Ìyá Ìbejì pè. Kò rẹ́rìn-ín lónìí. Àṣá ti sọ ibi tó fẹ́ lọ fún un. Ó ní ṣé èmi tí mi ò jẹ́ kí òun gun kẹ̀kẹ́ rí ni mo wá ń ra táyà fún ẹni tí ojú ń dùn. Mo gbọ́ ohùn ara mi tí ń gbèjà ìyá rẹ̀: dókítà fọwọ́ sí i, ojú ọ̀sán ni, èmi á wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ dáadáa, bí agbẹjọ́rò.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, gbogbo ohun tí ọmọ náà sọ wá wọ̀ mí lára lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Èmi ni mò ń kán oògùn sójú rẹ̀, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń jókòó sórí àpótí kékeré, á sì gbé orí lé mi lórúnkún. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ àárọ̀ yìí bọ́ sí i nímú. Ó ní, “Imú mi ò ṣàìsàn o.”

Mo bi í léèrè bí nǹkan ṣe ń rí. Ó ní ó dà bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo inú yàrá. Ohun tó wà láàárín wà níbẹ̀ kedere. Àwọn igun ni kò sí.

Nígbà tó lọ wẹ̀, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ojú mi, mo ń rìn kiri pálọ̀ kí n lè mọ̀ ọ́n. Mo kọlu àga. Ó jáde nílé ìwẹ̀ bá mi bẹ́ẹ̀. Ó wá dúró síwájú mi, òun nìkan ni mo sì ń rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n de táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárọ̀. Dúdú, ó ń dán, mo fi ẹsẹ̀ ta á, ó dùn gbì bí igi. Mo ń yangàn. Lọ́sàn-án, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Àṣá ní kí á lọ wò ó díẹ̀. Mo jókòó tì í, mo gbé àpò lé itan, mo de bẹ́líìtì títí ó fi fẹ́ ge mí sí méjì.

Ibi tí ọ̀nà ti yípo ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Kò tiẹ̀ sáré. Ìdí ọkọ̀ kàn yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́ wá wo ohun tó wà níwájú. Àṣá fi ọwọ́ ṣe nǹkan kékeré kan sí sítíárìn, bí ẹni ń tún aṣọ ọmọ ṣe, ọkọ̀ sì padà sípò. Kò ké. Èmi ké fún àwa méjèèjì.

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà. Ó tún un tẹ̀.

Ó ní, “Kí lẹ ní kí wọ́n fún yín?”

Mo ní, “Èyí tó le.”

“Ẹ ní kó le?”

“Kó le dáadáa.”

Ó jókòó sórí òkúta etí ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi fọ oògùn kúrò lójú rẹ̀. Mo dúró tì í bí ọmọ ilé ìwé tó kùnà ìdánwò. Èmi ń sọ pé kó lágbára, kó di ilẹ̀ mú, kó má já ìyàwó mi sílẹ̀. Oní-táyà gbọ́ pé roba tó yi, tí kò ní í tètè jẹ. Ó sì fún mi lóhun tí mo béèrè.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó fà mí lọ́wọ́ jókòó. Ó ní, “Tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó máa ń yọ̀ bí ẹja. Nọ́ọ̀sì tuntun á le ọwọ́ kó má baà bọ́ – ibẹ̀ náà ló ti máa bọ́. Ọwọ́ tó rọ̀ ló ń di ọmọ mú. Táyà náà nìyẹn. Èyí tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ gbà.”

Ó rọra wakọ̀ padà sílé. Kò sọ̀rọ̀ nípa igbe mi. Mo dúpẹ́.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Mo bá oní-táyà jà. Ìjà ọ̀rọ̀ ni.

Mo ní ó fẹ́ pa wá. Ó ní, “Bàbá, ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́.” Ó ní bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ bàtà tó le, ohun tó ń wí ni pé kó má tètè gbó. Mo ní bí a bá ní ara èèyàn le, ṣé ohun tí à ń wí ni pé ara rẹ̀ gan bí pákó? Onítakisí kan tó ń dúró de táyà tirẹ̀ ní kí a jọ̀ọ́, kí a má bá òun kó èdè dàrú, òun ṣì fẹ́ fi sọ̀rọ̀ nílé.

Oní-táyà rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gba táyà padà, ó ní òun mọ ẹnìkan tó ní irú ọkọ̀ náà, tó ń fi lọ síbi iṣẹ́ lójú ọ̀nà títẹ́jú, èyí tó yi ló ń wá. Ṣùgbọ́n èyí tó rọ̀, tí òjò kì í dẹ́rù bà, kò sí ní ṣọ́ọ̀bù ní ìwọ̀n tiwa. Ó máa ránṣẹ́. Ó lè dé kí oṣù tó parí. Ó lè má dé.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni dókítà dá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè rí i bó ṣe rí lórí ìwé.

Bí táyà kò bá dé, kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi. Kò ní í gun òkè. Kò sóhun tó máa ṣe é. Dókítà á sọ tirẹ̀, a ó bo Orogún láṣọ, èmi á sì máa sùn. Kò sí iṣẹ́ kankan tí mo ní láti ṣe. Kí n ṣáà má ṣe pe oní-táyà.

Àṣá á ní kò burú. Bó bá sì burú nìkan ló máa ń ní kò burú.

Láàárọ̀ yìí mo wò ó láti fèrèsé. Ó jókòó nínú ọkọ̀ nínú gáràjì, ọkọ̀ wà lórí àwọn òkúta, kò lẹ́sẹ̀ rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Ó ti ń gun òkè náà lọ.

Mo gbé fóònù. Mo pe oní-táyà.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Mo tún pè. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lẹ́yìn pé, “Ọ̀gá, Bàbá Ṣé-Ó-Ti-Dé ni o.” Orúkọ náà kò burú. Ó bá mi mu ju èyí tí wọ́n fi sọ mí lórúkọ lọ.

Kò tíì dé.

Àṣá da tíì sílẹ̀ láàárọ̀. Ó nawọ́ sápá òsì níbi tí ife máa ń wà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá a lápá ọ̀tún. Mo ti dọ́gbọ́n kó gbogbo nǹkan tó wà lápá òsì lọ sí ọ̀tún kó tó jí – ife, gíláàsì, rédíò. Ó kó wọn padà. Ó ní, “Ibi tí mo fi wọ́n sí ni mo mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé wọn kúrò lẹ jẹ́ kí n dà á sílẹ̀.”

Òótọ́ ni. Lánàá ni mo kọ́kọ́ gbé wọn.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Ti ẹ̀yìn dé. Ti iwájú kò dé.

Oní-táyà ní ká fi èyí tó rọ̀ sẹ́yìn, kí òun wá èyí tó yi fi síwájú ná, kí Màmá máa rìn. Ó ní béèyàn ò bá sáré, kò ní í mọ̀ ọ́n.

Mo ní o ò mọ ìyàwó mi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Mo ní bí ẹ̀yìn bá di ilẹ̀ mú tí iwájú ń yọ̀, ọkọ̀ á máa lọ gbọọrọ nígbà tí a bá ní kó yà, lórí òkè sì rèé, òfìfo ló wà ní iwájú gbọọrọ. Mo ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ọmọ bàbá kan náà. Mi ò ní gba méjì. Ohùn mi kò tiẹ̀ gbọ̀n. Inú àwọn ìwé ọkọ̀ tí Àṣá tò sábẹ́ ibùsùn ni mo ti ń kà á láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá – ó rò pé mò ń wá bàtà.

Ó wò mí. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ti ya wèrè ọkọ̀.” Ó sì gbé fóònù níṣojú mi, ó bá ẹni tó ń kó táyà wá fún un sọ̀rọ̀ líle. Mo gbádùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Ó ti dé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Kí wọ́n tó dè é, èmi náà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó gbà mí láyè díẹ̀, ó wá tì mí padà. Mo tún un tẹ̀. Oní-táyà ní kí n má jẹ ẹ́ o.

Ó kìlọ̀ fún wa pé táyà tuntun máa ń ní ọ̀rá lára bí ọmọ tuntun, kí a rọra rìn ná títí yóò fi họ. Àṣá rọra rìn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí irú rẹ̀ rí. A lọ yíká ìlú, ọ̀kadà ń kọjá wa, àwọn ọmọ ń juwọ́ sí wa. Ara tù mí. Mo ń wo àwọn ilé.

Ó ní, “Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń jayé nìyí látọjọ́ yìí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó dùn tó báyìí. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní, “Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó mọ́ mi lára.”

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Ìyá Ìbejì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù fún mi, mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ohun tó sọ kò ju pé, “Bàbá, ẹ bá mi máa wo apá òsì fún un.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kẹsàn-án

A lọ. A sì ti dé. Ní yàrá àlejò Ẹ̀gbọ́n Òkè ni mo ti ń kọ èyí, a ó sùn síbí.

Oòrùn là, ọ̀nà gbẹ, kò sí ìkùukùu kankan. Ó ṣí òrùlé. Ó wé gèlè pẹlẹbẹ mọ́rí, ó ní kí n di fìlà mi mú. Títí dé ìdí òkè, apá ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ mi, mò ń ka àdúrà gbogbo tí mo mọ̀, mo sì ń wo apá òsì.

Nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí lọ́, ó yí padà. Mi ò mọ bí n ó ṣe kọ ọ́. Kì í ṣe eré ló ń sá. Ńṣe ló ń bá ọ̀nà sọ̀rọ̀. Á dín eré kù kí kọ́nà tó dé, á yà á, á sì tẹ̀ ẹ́ bó bá ti ń jáde, ọkọ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n. Mi ò rí obìnrin yìí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ rí. Nígbà tó ń gbẹ̀bí, wọn kì í jẹ́ kí ọkùnrin wọlé. Mo ní bóyá bó ṣe máa ń rí nìyí. Mo wo ọwọ́ mi, kò sí lára ilẹ̀kùn mọ́.

A ti gùn ún kọjá àárín. Kọ́nà kan yà sósì. Ọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ ní etí ọ̀nà.

Mo retí kó yà fún un. Kò yà.

Mo ní, “Òsì.”

Ó tẹ bíréèkì. Táyà mú ilẹ̀, wọn ò yọ̀ rárá, a dúró gbágbá. Àyè púpọ̀ wà láàárín wa. Ọkùnrin náà kí wa pé ẹ kú ìrìn àjò, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Àṣá gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa á. Ẹyẹ kan ń ké nínú igbó.

Ó ní, “Mi ò rí i.”

Mo ní, “Mo rí i.”

“Ẹ̀yin rí i. Èmi ni mò ń wakọ̀.”

Mo fẹ́ sọ pé kò burú. Mo rántí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ àti ìgbà tó ń sọ ọ́. Mo mú ọwọ́ rẹ̀. Ó tutù. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ó fi móoru.

Ó wá sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ ara ọkọ̀ yíká láti iwájú, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ṣí ilẹ̀kùn. “Ẹ sún.” Mo ní mi ò lè wa nǹkan yìí. Ó ní òun mọ̀. “Ẹ sún, olówó orí mi.”

Mo sún. Ìjókòó náà rẹlẹ̀ bí ẹni jókòó sínú àwo. Ọkọ̀ fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú, mo tún un tan. Àṣá gbé orí sẹ́yìn, ó di ojú méjèèjì. Ó ń fi etí gbọ́ ọ̀nà fún mi. “Èyí tó ń bọ̀ yìí gùn. Ẹ dín in kù báyìí, kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ó tó. Ẹ má tẹ bíréèkì nínú ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Bàbá wọn, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó dì yín mú.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dì mí mú.

Nígbà tí a dé, Ẹ̀gbọ́n Òkè wà níta. Ó rí ẹni tó jókòó sídìí sítíárìn. Ó ní, “Ta ló kú?”

Àṣá ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní ebi ló ń pa òun.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Dókítà ojú. A jókòó. Kí ó tó ṣí fáìlì, Àṣá yọ ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ nínú àpò, ó fi lé orí tábìlì. Ó ní kó má wulẹ̀ wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́.

Dókítà mú un, ó wo fọ́tò inú rẹ̀, ó dá a padà fún un pé kó máa fi ṣe ìrántí. Mo rí i pé ara tù ú. Ó yẹ ojú wò, ó ní oògùn ń ṣiṣẹ́, bí a bá ń kán an déédéé ó lè dúró báyìí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ta ló ń kán an. Àṣá nawọ́ sí mi. Dókítà yìn mí. Mi ò sọ fún un nípa imú.

Bí a ti ń dìde, ó béèrè, bí ẹni ń ṣeré, ohun tí a máa ṣe sí ọkọ̀ pupa tí gbogbo nọ́ọ̀sì yọ sí fèrèsé wò láàárọ̀ yìí. Ṣé a máa tà á ni?

Àṣá ní rárá o, ọkọ òun ló ń wà á báyìí. Dókítà wo ọ̀pá ìtilẹ̀ mi, ó wò mí. Ó ní ìyẹn dára, ọkàn òun balẹ̀, àgbàlagbà tó fara balẹ̀ bíi tiwọn.

Àṣá di apá mi mú, ó rọra sọ fún un pé, “Ẹ bá mi bá a wí, dókítà. Eré tó ń sá ti pọ̀ jù.”

Mi ò jiyàn.